Orúkọ Tí Ìyàwó Kì Í Pè

Ajé, 7 Oṣù Kẹwàá 2024

Iṣẹ́ dé! Papa Ọláoyè, alága ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá ní Bouaké, fẹsẹ̀ ara wọn rìn wá sí ọ́fíìsì wa ní àdúgbò Commerce, òógùn bo gbogbo ọrùn wọn. Wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ kan ń bọ̀ láti Abidjan lóṣù tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ wá ṣe káàdì ìdánimọ̀ fún àwa ọmọ Nàìjíríà tó wà níbí. Àwọn yẹn ò fẹ́ ìwé tí a fọwọ́ kọ mọ́, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti fẹ́ rí orúkọ gbogbo èèyàn kí wọ́n tó gbéra. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá bá ìwé ọwọ́ rẹ̀ mu á gba káàdì lọ́jọ́ náà. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá mu, ó di ìgbà mìíràn, kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà náà.

"Mounira, ìwọ lo kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà nínú wa. Bá wa kọ́ wẹ́ẹ̀bù yẹn." Mo ní kò sí wàhálà. Kí n tó mí, mo ti sọ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pọ̀ jù fún un. Ẹnu mi yìí!

Germaine, ọmọ ẹ̀yà Baoulé tí èmi àti ẹ̀ jọ ń ṣiṣẹ́, ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ó fi Faransé sọ pé àwa Anango, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbí, ti rí ẹni tí a máa kó iṣẹ́ ọ̀fẹ́ bá. Papa ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ọ̀rọ̀ Màmá ló jẹ mí lógún jù. Ìyá ọkọ mi ni wọ́n, inú ilé kan náà la jọ ń gbé ní àdúgbò Nimbo. Láti ìgbà tí wọ́n ti pè láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé ara ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin kò yá, pé kò dìde nílẹ̀ mọ́, ni oúnjẹ kì í ti í lọ lẹ́nu wọn. Wọ́n fẹ́ fojú kàn án kí ọlọ́jọ́ tó dé. Bẹ́ẹ̀ ààlà mẹ́rin ló wà láàárín ibí àti ilé, ìwé wọn sì ti ṣègbé nígbà ogun tó jà níbí. Ìwé ọjọ́ orí kan ṣoṣo ló kù, inú ọ̀rá ni wọ́n ń fi í sí, wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Nígbà tí mo délé, mo sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ káàdì ti bọ́ sọ́wọ́ mi. Wọ́n ní, "Ọlọ́run á jẹ́ kí o rí i ṣe." Mo ní, "Ẹ lọ máa di ẹrù yín, Màmá."

Ọjọ́bọ̀, 10 Oṣù Kẹwàá

Òjò láti àárọ̀. Ọlọ́mótò gba ọ̀ọ́dúnrún fráǹkì lọ́wọ́ mi láti Nimbo dé Commerce, ó ní ẹrẹ̀ ni. Ẹrẹ̀ tí èmi náà fi ara gbà!

Mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Framework, egungun wẹ́ẹ̀bù tí mò ń lò, ti mọ ògiri ilé sílẹ̀ fúnni. Ohun tó kù fún mi ni kí n sọ ohun tí àpótí kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gbà àti èyí tí kò gbọdọ̀ gbà. Àyẹ̀wò yìí gan-an ni mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ wa. Àpótí orúkọ kò gbọdọ̀ ṣófo, létà nìkan ni yóò wà nínú rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ tó ọ̀rọ̀ méjì. Ọjọ́ ìbí kò gbọdọ̀ jẹ́ ọjọ́ tí kò tíì dé. Ẹni tí kò bá mọ ọjọ́ náà lè kọ ọdún nìkan, nítorí "vers", ìyẹn "nǹkan bí", ló wà nínú ìwé gbogbo àwọn àgbà wa. Nọ́ńbà fóònù, mẹ́wàá ni kó pé. Ẹni tó bá ṣe àṣìṣe, pupa á yọ sí i. Ẹni tó bá ṣe é dáadáa, àwọ̀ ewé á yọ.

Mo fẹ́ rí bí yóò ṣe rí tí nǹkan bá wà nínú rẹ̀. Mi ò ní sùúrù láti máa tẹ̀ ẹ́ lójú ewé bí gbogbo aráàlú, mo bá gba ẹ̀yìnkùlé, mo ti orúkọ àwọn ará ilé wa sínú àkójọ tààrà. Màmá ni mo fi ṣáájú: Ìyá Alábùkún, bí a ṣe ń pè wọ́n nílé. Mo ní kí ẹ̀rọ yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Àwọ̀ ewé látòkè délẹ̀! Mo pàtẹ́wọ́ fún ara mi. Germaine ní kí n jọ̀ọ́ jẹ́ kí òun ráyè ronú.

Àìkú, 13 Oṣù Kẹwàá

Ìpàdé ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́. Mo lọ kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe lò ó. Papa Ọláoyè ní kí àwọn kọ́kọ́ kọ tàwọn kí gbogbo èèyàn lè rí i. Wọ́n tẹ orúkọ wọn tán, ni pupa bá yọ: "Orúkọ yìí kò dára." Orúkọ alága! Létà Faransé nìkan ni mo ní kí ẹ̀rọ gbà, kò mọ èyí tó ní àmì nísàlẹ̀. Ọmọ Yorùbá kọ́ wẹ́ẹ̀bù fún Yorùbá, ó sì gbàgbé létà Yorùbá. Ilé rú fún ẹ̀rín. Papa ní, "Bàbá tó sọ mí lórúkọ náà ti kú, ta ni ká wá lọ bá?" Mo tún un ṣe lójú wọn, ṣùgbọ́n etí mi ń gbóná títí ìpàdé fi parí.

Bóyá ìyẹn ni kò jẹ́ kí n ní sùúrù nígbà tí ìbéèrè bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé ló pọ̀ jù níbẹ̀, torí àwọn ọkọ wà lọ́jà, àwọn àgbà ò sì mọ fóònù tẹ̀. Ìyàwó ilé kọ̀ọ̀kan ni yóò kọ orúkọ gbogbo agbolé ọkọ rẹ̀. Hàúwà, ìyálé mi, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó ń ta àwo lọ́jà, nawọ́ sókè. Wọ́n ní, "Ìyàwó, orúkọ wo la máa kọ sí i?"

"Ìyálé mi, ṣé orúkọ pé méjì ni? Orúkọ tí ẹ ń pè wọ́n ni kí ẹ kọ."

"Èyí tí à ń pè wọ́n?"

"Ẹẹ̀n. Kò le rárá."

Àwọn obìnrin wo ara wọn. Mo rò pé ó ti yé wọn, mo sì kọjá sí ọ̀rọ̀ àwòrán.

Ẹtì, 18 Oṣù Kẹwàá

Orúkọ ti ń wọlé wìtìwìtì. Ẹnì kan kọ nọ́ńbà fóònù oní-mẹ́jọ àtijọ́, ẹ̀rọ dá a padà. Ẹnì kan ní ọdún tó ń bọ̀ ni wọ́n bí ọmọ òun, ẹ̀rọ dá a padà. Inú mi ń dùn. Iṣu ti wọ́n gógó, ẹyọ mẹ́ta tí kò tó nǹkan, ẹgbẹ̀rún méjì fráǹkì.

Ìṣẹ́gun, 29 Oṣù Kẹwàá

Mo ti fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí Abidjan. Kò sí pupa kan ṣoṣo nínú rẹ̀! Mo tún ti ilẹ̀kùn pa lẹ́yìn rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò lè yí nǹkan kan padà mọ́. Mo pe Papa, mo ní àkójọ yìí mọ́ ju omi inú ìgò lọ. Wọ́n ní àwọn máa tẹ̀ ẹ́ jáde, àwọn á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri gbọ̀ngàn lọ́jọ́ Àìkú kí gbogbo èèyàn wá wo tirẹ̀.

Màmá ti ra bàtà tuntun. Wọ́n tún ra ìborùn fún ẹ̀gbọ́n wọn, aláwọ̀ sánmà. Wọ́n nà án lé orí ẹsẹ̀ wọn, wọ́n ń fọwọ́ pa á.

Àìkú, 3 Oṣù Kọkànlá

Orí mi ò! Ilẹ̀ ì bá là kí n wọnú rẹ̀.

Mo dé gbọ̀ngàn, mo gbọ́ ẹ̀rín láti ìta. Mo rò pé inú wọn dùn ni. Mo súnmọ́ ògiri. "Ìbàdí Àrán." "Eyín Afẹ́." "Adúmáadán Ọmọ Bàbá." "Bàbá Olójú Àánú." "Akọ̀wé Ilé Wa." Orúkọ àlàjẹ́ tí ìyàwó ń sọ àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ lójú ewé kìíní, bẹ́ẹ̀ náà lójú ewé kejì, bẹ́ẹ̀ náà lọ. Alhaji Sọ̀fíyù, alápatà tí gbogbo ọjà ń bẹ̀rù, ni wọ́n kọ ní "Ọkọ Mi Kékeré", torí ìyàwó ẹ̀gbọ́n wọn ló kọ ọ́, ọmọdé sì ni Alhaji nígbà tí ìyàwó náà wọ ilé wọn. Alhaji dúró níwájú ògiri, fìlà lọ́wọ́, wọn ò rẹ́rìn-ín.

Àpótí orúkọ ò ṣófo. Létà nìkan ló wà níbẹ̀. Ó tó ọ̀rọ̀ méjì. Àwọ̀ ewé!

Ohun tó wá dùn mí jù ni èyí tí mo ṣe tẹ̀lé e. Nígbà tí Papa Ọláoyè ní kí n dìde kí n ṣàlàyé, mo dìde, mo ní àwọn obìnrin tí kò kàwé ló ba iṣẹ́ mi jẹ́. Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn, lójú gbogbo wọn, pẹ̀lú ọwọ́ ní ìbàdí. Ìyálé mi dìde. Wọn ò pariwo.

"Ìyàwó, ta ló ní ká kọ orúkọ tí à ń pè wọ́n?"

Mo sọ ọwọ́ mi kalẹ̀ kúrò ní ìbàdí.

"Ṣé ìwọ máa ń pe ìyá ọkọ rẹ lórúkọ ni? Ìgbà wo lo bẹ̀rẹ̀, tí mi ò gbọ́?" Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. "Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ìwọ ò wolé kí o tó wá máa béèrè orúkọ lọ́wọ́ wa."

Òtítọ́ ni. Èmi náà ò pe àbúrò ọkọ mi tí mo ju lọ́jọ́ orí lórúkọ rí. Bàbá Qoreebah ni mò ń pe ọkọ mi fúnra rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ọ̀nà ilé, ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, bí ẹni pé ọmọ ilé ẹlòmíràn ni mí. Mo jáde láìkí ẹnikẹ́ni.

Ajé, 4 Oṣù Kọkànlá

Mo gba ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí lọ síbi iṣẹ́ kí n má bàa pàdé ìyàwó ẹnikẹ́ni. Òjò fọ́n díẹ̀, mo dúpẹ́, torí ó jẹ́ kí n bo orí.

Mo sọ ọ́ fún Germaine. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó rí ojú mi, ó nu tirẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀rọ rẹ ò ṣàṣìṣe. O bi í bóyá létà ni, ó ní létà ni." Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́; ó ní òkè lẹ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Ìbéèrè mi ló wọ́ látìbẹ̀rẹ̀.

Màmá ò bi mí ní nǹkan kan. Wọ́n gbé oúnjẹ mi sílẹ̀ dè mí, wọ́n fi abọ́ bò ó. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi.

Ọjọ́rú, 6 Oṣù Kọkànlá

Ọ̀gbẹ́ni Timothy, ẹni tí yóò ṣáájú àwọn ará Abidjan, pè mí. Ohùn rẹ̀ tutù bí ti ẹni tó ń gbìyànjú kó má rẹ́rìn-ín. "Madame, ta ni Ọkọ Mi Kékeré?" Mo ní èèyàn pàtàkì ni. Ó ní òun á ṣí ilẹ̀kùn fún mi títí di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, kí n tún un fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tó bá wà níbẹ̀ ni òun á lò. Mo dúpẹ́ títí ó fi gbé fóònù kalẹ̀.

Ẹtì, 8 Oṣù Kọkànlá

Mo rò pé kí n kàn máa pe ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá gbọ́ ohùn àwọn ìyàwó lórí fóònù!

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ni orúkọ bàbá ọkọ yín?"

"Ẹ dúró, ọmọ kan ń bọ̀ láti iléèwé, á sọ fún yín."

"Ẹ̀yin ẹ kàn sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́."

"Ẹni tí mò ń pè ní Olówó Orí Ìyá Wa ni kí n wá la orúkọ mọ́ lórí? Mounira, ìwọ náà!" Ó gbé fóònù kalẹ̀.

Ni mo bá padà sídìí àyẹ̀wò, mo ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe tẹ́lẹ̀. Ìbéèrè kìíní ni báyìí: "Kí lo jẹ́ sí ẹni yìí?" Tí ẹni tó ń kọ ọ́ bá mú "ìyàwó ilé", àpótí orúkọ á tì, ọ̀rọ̀ kan á sì yọ: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé fóònù fún ọmọ ilé." Ọmọ ilé á kọ orúkọ inú ìwé, á ya àwòrán ìwé náà mọ́ ọn. Mo wá ṣe àpótí kékeré kan sísàlẹ̀ fún orúkọ tí ìyàwó ń pè wọ́n, ẹni tó bá wù ú á kọ ọ́. Germaine ka òfin náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń ṣiṣẹ́ yìí, òun ò rí irú rẹ̀ rí, pé kí n fi òun náà sí i, torí òun ò pe ìyá ọkọ òun lórúkọ rí, ẹ̀rù ló ń ba òun ní tòun.

Ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Ó yẹ kí inú mi dùn, ṣùgbọ́n kò dùn. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí àwọn obìnrin yẹn ṣì wà láyà mi.

Ìṣẹ́gun, 12 Oṣù Kọkànlá

Mo lọ bẹ Alhaji Sọ̀fíyù. Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran. Wọ́n ń gé eegun lọ, wọn ò wò mí. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Ọjọ́ tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi dé ilé wa, mo gun orí àga kí n lè rí ojú rẹ̀. Òun nìkan ló kù tó mọ̀ pé mo kéré rí." Wọ́n di ẹran fún mi, wọn ò gba fráǹkì kan.

Mo lọ sí ìsọ̀ ìyálé mi lẹ́yìn náà. Mo ní, "Ẹ má bínú, ìyálé mi. Mo fi yín ṣẹ̀sín." Wọ́n ń to àwo lọ. Mo bá wọn tò ó. A tò ó títí dé ìpele òkè, nígbà náà ni wọ́n tó ní, "Obìnrin tí kò kàwé yìí ló kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀ tí ọkọ rẹ ń jẹ." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ó ti tán." Mo mọ̀ pé kò tíì tán pátápátá.

Ọjọ́bọ̀, 14 Oṣù Kọkànlá

Wọ́n pè láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀gbọ́n Màmá ò jẹun mọ́, omi nìkan ló ń mu. Màmá gbọ́, wọ́n lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo títì.

Ẹtì, 15 Oṣù Kọkànlá

Mo ti tún un fi ránṣẹ́. Mo ní kí ẹ̀rọ kó gbogbo orúkọ tí ìyàwó ilé tẹ̀ lójú ewé jáde fún mi, mo sì tún wọn ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwòrán ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́. Ti ilé wa ò jáde nínú àwọn tó ní àtúnṣe. Ìyẹn nìkan ló mú inú mi dùn díẹ̀, pé ó kéré tán, ilé tèmi mọ́.

Ìṣẹ́gun, 19 Oṣù Kọkànlá

Ọyẹ́ ti dé. Ètè mi là. Òrí kékeré ti di igba fráǹkì.

Àbámẹ́ta, 23 Oṣù Kọkànlá

Mo fẹ́ kọ èyí kí n tó lọ dáná.

Àwọn ará Abidjan dé láàárọ̀, wọ́n to tábìlì wọn sí gbọ̀ngàn. Gbogbo èèyàn ti dúró. Ọ̀gbẹ́ni Timothy ń pe orúkọ, wọ́n ń dáhùn, wọ́n ń ya fọ́tò, wọ́n ń gba káàdì. Alhaji Sọ̀fíyù gba tiwọn, wọ́n ṣẹ́jú sí mi. Àwọn ìyàwó tó wà lẹ́yìn ń kí mi. Mo ti ń gbé orí sókè. Màmá jókòó sí iwájú, bàtà tuntun lẹ́sẹ̀, ọ̀rá ìwé lórí itan wọn. Ọkọ̀ tó ń lọ sí Nàìjíríà ń gbéra ní ọ̀la, a ti sanwó àyè wọn.

Timothy gbé ojú sókè. "Madame Ìyá Alábùkún!"

Ìyálé mi yíjú wò mí.

Màmá dìde, torí orúkọ tí à ń pè wọ́n ni wọ́n gbọ́. Wọ́n gbé ìwé wọn fún un. Timothy wo ìwé, ó wo kọ̀ǹpútà, ó tún wo ìwé. "Màmá, ẹ má bínú. Orúkọ yìí kọ́ ló wà nínú ìwé yín."

Ó wá yé mi. Ẹ̀yìnkùlé ni mo gbé ti ilé wa gbà lọ́jọ́ kìíní. Kò gba ojú ewé, kò sí àkọsílẹ̀ pé ìyàwó ilé kan ló kọ ọ́, nítorí náà ẹ̀rọ ò kó o jáde fún mi nígbà àtúnṣe. Bó sì ṣe jẹ́ pé ilé wa ni, mi ò yẹ̀ ẹ́ wò. Gbogbo agbolé Yorùbá tó wà ní Bouaké ni mo yẹ̀ wò, àfi tèmi. Bàbá Qoreebah wà ní Sakassou fún ọjà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ní Botro, àwọn ọmọ tó dàgbà wà ní Abidjan. Ọmọ ilé kankan ò sí níbẹ̀ tó lè sọ̀rọ̀.

Mo rìn lọ síwájú. Mo ní, "Èmi ni mo kọ ọ́. Kì í ṣe ìyàwó kankan ló ṣàṣìṣe yìí. Èmi tí mo kọ́ wẹ́ẹ̀bù náà ni." Mo retí kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín, ìyẹn sì burú jù.

Timothy fọwọ́ pa orí. Ó ní ọ̀nà kan ló kù: kí ẹnì kan nínú ẹbí tàbí ojúlùmọ̀ wọn dúró níwájú àwọn àgbà ẹgbẹ́, kó fẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ wọn ní kíkún bó ṣe wà nínú ìwé, kó ní òun mọ̀ wọ́n, kó sì fọwọ́ sí i. Màmá ní àwọn lè sọ orúkọ ara àwọn. Ó ní rárá, ẹlòmíràn ni.

Papa Ọláoyè kọjú sí èrò. "Ta ló mọ orúkọ wọn nínú wa?" Èèyàn wo èèyàn. Gbogbo ọjà ló mọ Màmá. Ìyá Hamed ni wọ́n ń jẹ́ fún àwọn kan, Ìyá Nimbo fún àwọn mìíràn, Àǹtí Arúgbó fún àwọn ọmọ kékeré. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ wọn. Àwọn ẹgbẹ́ wọn tó mọ̀ ọ́n ti lọ tán.

Timothy yí ìwé náà sí mi. Mo kà á. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti da omi sí mi lẹ́sẹ̀ wọ ilé yẹn, tí wọ́n ń gbé oúnjẹ dè mí, tí wọ́n ń wẹ ọmọ mi, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí mo rí orúkọ wọn. Ojú tì mí.

Mo ṣí ẹnu. Obìnrin kan lẹ́yìn ní, "Háà! Ó fẹ́ pe ìyá ọkọ rẹ̀!" Ìyálé mi fi ìborùn bo ojú. Mo ní, "Wọ́n ń jẹ́... wọ́n ń jẹ́..." Timothy wo aago.

"Mounira," Màmá ní.

"Mà."

"Pè mí."

"Màmá, mi ò lè pè é. Ẹ jọ̀ọ́."

"Èmi ni mo ní kí o pè mí, kì í ṣe ẹlòmíràn. Ẹ̀gbọ́n mi wà lórí ẹní, ojú ń ti ìwọ níbí! Òun nìkan ló kù láyé tó ń fi orúkọ yẹn pè mí. Bó bá lọ kí n tó dé, ó parí nìyẹn. Pè mí!"

Mo kúnlẹ̀, mo pè é. Orúkọ àti oríkì, bó ṣe wà nínú ìwé. Mi ò ní kọ ọ́ síbí. Ìbẹ̀rù ló jẹ́ kí ohùn mi le, ó dún dé ìta, àwọn ọlọ́mótò yíjú.

"Ẹ́ẹ̀n!" Màmá dáhùn. Kíá ni wọ́n dáhùn, ẹsẹ̀ wọn ti gbé síwájú kí wọ́n tó mọ̀. Wọ́n wá di tábìlì mú, wọ́n dúró síbẹ̀. Papa Ọláoyè yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n ń nù ún. Mo fọwọ́ sí ìwé, Papa fọwọ́ sí i, wọ́n ya Màmá ní fọ́tò, wọ́n fún wọn ní káàdì.

Ìyálé mi ló wá tàksì fún wa. Wọ́n fọwọ́ kan èjìká mi kí n tó wọkọ̀.

Nínú ọkọ̀, mi ò lè wo ojú Màmá. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo jágbe mọ́ yín bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ da epo nù."

Wọ́n ń yí káàdì náà síwá sẹ́yìn lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìyá mi ṣe ń pè é."